Ẹ Má Di Ikú Sẹ̀gilọlá Aṣèèkù-Abẹ Ru Ọlọ́run

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin ẹbí tó ti Ìjàn wá, ẹ̀yin ọmọ ìjọ rẹ̀, ẹ̀yin onígbàjámọ̀ ẹgbẹ́ mi tó ti ṣọ́ọ̀bù pa torí tirẹ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ìbànújẹ́. Gbogbo ẹni tó gba máíkì yìí ṣáájú mi ló ní ká fara dà á. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. A ti fara da nǹkan jù ní àdúgbò yìí. Ìfaradà ló kó wa jókòó síbí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Mọ́rúfù lorúkọ mi. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Bàsírì, orí àti àgbọ̀n ni mò ń fá jẹun. Bàbá Fúàdì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè mí. Oore-ọ̀fẹ́, ọmọ olóògbé, ló wá bá mi nílé. Ó ní, "Bàbá Fúàdì, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ màmá mi jù. Ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára." Oore-ọ̀fẹ́, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó dára wà lẹ́nu mi, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú ni inú ti ń bí mi. Bí mo bá dúró níwájú òkú rẹ̀ tí mo ń fi oyin sẹ́nu purọ́, ìyá rẹ tí mo mọ̀ yẹn, yóò dìde jókòó nínú pósí, yóò ní, "Bàbá Fúàdì, kí lẹ ń sọ yẹn?"

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Sẹ̀gilọlá. Nígbà ayé rẹ̀ n kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Oore-ọ̀fẹ́ ni mo ń pè é, bí ọmọlúwàbí ṣe ń pe ara wọn. Lónìí mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ gan-an jáde lẹ́nu mi, kó sì dé etí ẹni tó yẹ kó dé. Sẹ̀gilọlá!

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé oníṣòwò ni. Oníṣòwò wo? Kí ló ń tà? Èèkù abẹ ló ń ṣe. Abẹ ìfárí, èyí tí à ń ká sínú èèkù rẹ̀ bí ẹni ń pa ìlẹ̀kùn dé. Irin abẹ kì í ṣe tirẹ̀. Irin wà lọ́wọ́ àwa onígbàjámọ̀, tẹlòmíràn jẹ́ ogún baba rẹ̀. Èèkù ni tirẹ̀. Ó ń fi rọ́bà líle ṣe é, rọ́bà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, èyí tí àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ń lò. Àgékù wọn ló ń ṣà jọ. Kò sí obìnrin mìíràn tí mo mọ̀ ní Adó tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin gan-an, mi ò mọ ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìjà ló mú wa pàdé.

Nígbà náà, ó ń gé lẹ́tà fún ọ̀gá kan tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, ó mú un wá fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ mi. Mo ti fi ọṣẹ kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ ìyàwó, mo ti na abẹ síta. Abẹ baba mi ni. Èèkù rẹ̀ nígbà náà, ìwo ẹfọ̀n ni, ó ti là, mo fi rọ́bà so ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi omi gbígbóná fọ abẹ yẹn. Kí n tó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin náà báyìí, obìnrin yìí di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà nínú ibi tó là yẹn?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ó ní, "Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹ tú u, kí a jọ rí i pé kò sí."

Níwájú àwọn oníbàárà mi! Mo ní irú obìnrin wo rèé? Mo bínú tú rọ́bà náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, irun wà níbẹ̀. Ọṣẹ gbígbẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta ni, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Omi gbígbóná mi kò dé ibẹ̀ rí, ojú mi náà kò sì lè ríbẹ̀, torí ìwo kì í jẹ́ ká rí inú. Obìnrin yìí kò pariwo. Ó nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, ó mú abẹ mi, ó bọ́ síta. Mo sá tẹ̀ lé e dé títì, mo ń pariwo, "Olè! Ẹ bá mi mú olè!" Ó dúró, ó yíjú padà. Ó ní, "Bí mo bá jẹ́ olè, ǹjẹ́ ìdọ̀tí ni ǹ bá jí? Mò ń bọ̀."

Ó padà wá lóòótọ́. Irin baba mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n èèkù rẹ̀! Bí ẹni pé abẹ náà ká sínú omi ni. O ń wo irin láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní, "Ẹ wò ó. Bí ẹ̀gbin bá tún wọ ibẹ̀, oníbàárà yín á rí i kí ẹ̀yin tó rí i." Mo fẹ́ bú u. Àwọn tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ti ń na ọwọ́, wọ́n ń ní kí n jẹ́ kí àwọn wò ó. Kò pẹ́, àwọn èèyàn ń wọlé wá, wọ́n ń ní, "Abẹ tó ṣeé wo inú rẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi fá mi o." Báyìí ni gbogbo onígbàjámọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá Sẹ̀gilọlá kiri, títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tó kọ́ àtíbàbà síwájú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ilé tí a wà yìí.

Mo máa ń wá jókòó tì í bí ọjà bá dá. Yóò fi sọ́ọ̀ gé rọ́bà náà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi fáìlì yún etí rẹ̀. Yóò yá a lórí ẹyinná èédú díẹ̀ kó lè tẹ̀ bó ṣe fẹ́. Díẹ̀ ni o, torí bí ooru bá pọ̀ jù, inú rẹ̀ á hó, á bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kó o sínú abọ́ omi, yóò máa fi bébà yíyún ra á, èyí tó rí ṣákiṣàki kọ́kọ́, kó tó kan èyí tó kúnná. Nígbà tó bá ń ra á, èèkù náà á funfun bàlàbàlà, á dà bí ohun tó ti bàjẹ́ pátápátá. Ìgbà kìíní tí mo rí i, mo ní, "Ó ti bà á jẹ́." Ó ní, "Ẹ dúró." Ó mú àkísà ìró rẹ̀ àtijọ́, ó fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á, ó ń kọrin ìjọ wọn lábẹ́ ọ̀fun. Ó ra á, ó ra á. Bí ìkùukùu bá ṣe ń ká kúrò lójú òkè, bẹ́ẹ̀ ni funfun náà ṣe ń ká kúrò. Inú rẹ̀ là. Ó gbé e sókè síhà oòrùn, ó ní, "Usẹ́ mi rèé o." Usẹ́ ló máa ń pe iṣẹ́, ahọ́n Ìjàn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọkùnrin kan ní Àbújá rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó ṣe ọ̀kan fún òun. Ó ṣe é tán, ó dán, ó ku ká fi ránṣẹ́. Ó gbé e síhà oòrùn, ó rí ìlà kan nínú rẹ̀, ìlà tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun. Èmi wò ó, mi ò rí ìlà kankan. Ọkùnrin náà wò ó nínú fọ́tò, ó ní òun ò rí nǹkan, kó ṣáà máa fi bọ̀. Sẹ̀gilọlá ní, "Ẹ̀yin ò rí i, ẹ̀gbin á rí i." Ó gbé e lé òkúta, ó fi òòlù fọ́ ọ. Ọkùnrin Àbújá bínú, kò dá a lóhùn mọ́. Sẹ̀gilọlá mú rọ́bà mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Alágídí ni! Ta ló bá a gbé tí kò mọ̀? Orí kunkun rẹ̀ kò láfiwé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Nígbà tí ọ̀kadà gbá mi, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò tẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ní, "Mọ́rúfù, ó tó gẹ́ẹ́, wá nǹkan mìíràn ṣe." Ìyàwó mi ń sunkún ní yàrá. Sẹ̀gilọlá wọlé, ó gbé amọ̀ rírọ̀ dání nínú ọ̀rá. Ó ní kí n di amọ̀ náà mú bí ẹni fẹ́ fárí. Mo ní, "Ìyá Oore-ọ̀fẹ́, ìka mi ò ṣiṣẹ́." Ó ní, "Mi ò bi yín léèrè ìyẹn. Ẹ dì í mú bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn." Mo dì í mú. Ó gbé amọ̀ lọ tòun ti ojú ìka mi lára rẹ̀. Èèkù tó ṣe fún mi, ẹ ò rí nǹkan tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí kọ́lọkọ̀lọ, ó ní kòtò níbi tí àwọn ìka mi tó ti kú wọ̀nyí lè sinmi sí. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀. Òun ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ mi títí di òní. Nígbà tí mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó ní kí n dìde jàre, kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin yìí lẹ pa.

Mo ní ẹ pa á. Ẹ má wo ara yín lójú. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ mi ti tẹ èèkù, Sẹ̀gilọlá ló fi lé mi lọ́wọ́. Èmi yóò bèèrè.

Gbogbo yín lẹ mọ òpó iná tó wà ní ìyànà yìí. Òpó igi ni. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Bí èèyàn bá fi èjìká gbá a, yóò mì. Ọparun ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn, bí ẹni ń ti arúgbó tó ti mutí yó. Wáyà orí rẹ̀ ti sọ̀ wálẹ̀, ó ń gba òkè páànù àtíbàbà Sẹ̀gilọlá kọjá. Ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ó lọ, ó tún lọ. Wọ́n lé e, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń yún èèkù níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé òpó tuntun wá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo ní òpó tuntun dé! Òpó oníkọnkéré. Ó wà nínú koríko lẹ́bàá títì níbẹ̀ yẹn, ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kí ẹ tó wọlé síbí. Kí ló dé tí kò dúró?

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọpẹ́ ni pé olórí wà níjókòó. Alàgbà Ayọ̀túndé, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yìí, àwọn rèé níwájú. Àwọn ló gbé kánópì tó wà lórí wa yìí kalẹ̀. Àwọn ló ra pósí. A dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n òkú ò mọ iye à ń ra agọ̀. Òpó ni Sẹ̀gilọlá bẹ̀ yín fún, kò bẹ̀ yín fún pósí.

Ó ní kí n sin òun lọ sí ìpàdé onílé, kí n lè ṣe ẹlẹ́rìí òun. Nínú pálọ̀ Alàgbà ni, mo jókòó lẹ́nu ìlẹ̀kùn, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ.

Alàgbà ní, "Ìyá Oore-ọ̀fẹ́, ẹ gbọ́ mi yé. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tuntun mi ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò sí. Ta ló máa gba ṣọ́ọ̀bù tí òpó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà?"

Sẹ̀gilọlá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní gbà ju àyè àga kan lọ."

"Kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn."

"Ibòmíràn wo, Bàbá? Ojú ọ̀nà wáyà nìyẹn."

"Ẹ máa gbàdúrà. Ọlọ́run tó ń gbé òpó yẹn dúró láti ọjọ́ yìí kò ní sùn."

Ẹ̀yin onílé tó wà níbẹ̀, ẹ ṣe àmín. Mo gbọ́ àmín yín. Àmín náà rinlẹ̀. Sẹ̀gilọlá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ó dáa. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, á jẹ́ pé orí mi lẹ fẹ́ kó wó lé." Ẹnìkan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹnu obìnrin yìí mú ju abẹ rẹ̀ lọ." Ẹ rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn oníná wá láti gbẹ́ ihò, Alàgbà ní kí wọ́n dúró, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wà ní kóòtù. Kóòtù wo? Àwọn oníná náà kò bèèrè kóòtù, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó kù ńkọ́? Ẹ sọ òpó tuntun di bẹ́ǹṣì. Ẹ jókòó lé e, ẹ ń ta ayò. Ẹ ń sá gbágùúdá sórí rẹ̀. Òpó tó yẹ kó wà lókè, ẹ fi ìdí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Bí Sẹ̀gilọlá bá kọjá, ẹ ó ní, "Oníwàhálà ń lọ." Àwọn kan tiẹ̀ ń bi mí láti àárọ̀ pé kí ló dé tí kò kó kúrò lábẹ́ wáyà. Kó kó lọ síbo? Kó gbé ilé ọkọ rẹ̀ rù? Ẹ̀yin tí ẹ ń gba abẹ́ wáyà kan náà lọ sọ́jà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ní ní kí ẹ kó kúrò?

Ọjọ́ náà, òjò ti rọ̀, ó ti dá. Fúnkẹ́mi tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Fúnkẹ́mi, má sunkún, má dìde, jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́. Sẹ̀gilọlá jókòó sídìí abọ́ omi rẹ̀, ó ń ra èèkù. Wọ́n mú iná dé. Ó ké sí Fúnkẹ́mi, ó ní, "Iná ti dé o, sáré gbé fóònù rẹ wá kó jẹ iná, kí wọ́n tó tún mú un lọ." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ilẹ̀ ti rọ̀, ọparun yọ̀, òpó wó. Wáyà bọ́ sórí páànù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi.

Wọ́n pè mí, mo gun ọ̀kadà láti Bàsírì. Nígbà tí mo dé, ó wà nílẹ̀, wáyà sì ń ta pàrà lórí páànù. A kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Kí o máa wo èèyàn rẹ nílẹ̀, kí àárín yín má ju ibi tí o lè na ọwọ́ dé lọ, kí o má lè fọwọ́ kàn án? Fúnkẹ́mi ń pe àwọn oníná. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ẹni tó máa pa iná kò sí níjókòó." Sùúrù! Àwọn mìíràn na fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Nígbà tí wọ́n pa iná níkẹyìn, èmi gbé orí rẹ̀, Fúnkẹ́mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèkù tó ń ra wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kò tíì mọ́, ó ṣì funfun. Mo fẹ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ kò tú.

Ibẹ̀ la wà tí Alàgbà fi dé tòun ti agbòòrùn. Wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Ọjọ́ yẹn ni nǹkan já nínú mi.

Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kà á fún wa níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn pé Olúwa fi fúnni, Olúwa sì gbà lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé mímọ́ yín. Mùsùlùmí ni mí, a mọ kádàrá, Ìnnálíláhì ni mo kọ́kọ́ wí nígbà tí mo rí i nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú títì. Ọlọ́run kọ́ ló purọ́ kóòtù. Ọlọ́run kọ́ ló jókòó lé òpó tó ń ta ayò. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ gba Sẹ̀gilọlá, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, kò ní ká bá òun fi ọparun ti òpó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi. Ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀ ní orí rẹ̀, kí olúkúlùkù wá gbé tirẹ̀.

Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí a gbé e lọ sí mọ́ṣúárì? Àwọn oníná wá. Wọ́n gbé òpó tí ikán jẹ náà nàró padà. Wọ́n fi ọparun tuntun tì í. Ọparun tuntun! Òpó tuntun ṣì wà nínú koríko. Àná, mo rí ẹni tó sá aṣọ sórí rẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, ṣùgbọ́n àdúgbò yìí kò gbọ́ òwe.

Ta lẹ ní kó gba máíkì lọ́wọ́ mi? Ọmọkùnrin, fi máíkì sílẹ̀. Mo ti dàgbà jù ọ́ lọ, má jẹ́ ká fa á mọ́ ara wa lọ́wọ́ níwájú òkú. Alàgbà, ẹ má dìde, sà. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ má ṣe yí wọn ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Alàgbà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n, èmi ló bá jà. Ìdáhùn la fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, a ò bá wọn wá ìjà. Lọ́la, abẹ́ wáyà yẹn ni ọkọ̀ yóò gbé Sẹ̀gilọlá gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo búra, mi ò ní jẹ́ kó gba abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìjẹ́ pé ihò òpó tuntun ti wà nílẹ̀.

Oore-ọ̀fẹ́, o dìde. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ẹ dákẹ́ fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ẹ̀yin ẹ̀yìn, bóyá ẹ ò gbọ́. Ó ní, "Bàbá, màmá mi bi yín, ẹ ní kó lọ gbàdúrà. Ó gbàdúrà. Èmi ọmọ rẹ̀ ló tún ń bi yín. Ṣé kí wọ́n gbẹ́ ihò yẹn, àbí kí wọ́n má gbẹ́ ẹ?"

À ń dúró, Alàgbà.

À ń dúró, sà. A ò ní ibi tí à ń lọ.

Kí lẹ wí? Ẹ gba máíkì. Ẹ sọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Kí wọ́n gbẹ́ ẹ."

Ẹ má pàtẹ́wọ́! Ta ló ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn? Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Èémí kan ṣoṣo ni gbólóhùn yẹn gbà lẹ́nu wọn. Ẹ wo bí ó ṣe kúrú tó! Kò dun wọ́n léyín, kò gé wọn láhọ́n. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ nínú pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Sẹ̀gilọlá ì bá wà ní àtíbàbà rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, ì bá máa bá ẹnìkan jà lórí èèkù. Ọ̀bẹ gé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sọ ọ̀bẹ nù, ọ̀bẹ ti ṣe ohun tí yóò ṣe. Alàgbà, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Mi ò tíì dárí jì yín. Bóyá Oore-ọ̀fẹ́ á dárí jì yín, tirẹ̀ ni, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò tíì débẹ̀.

Olúwatóbilọ́ba, ìwọ tó ń gẹrun ní Òkèṣà, o lágbára, mú dígà wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin tó kù, ẹ mú ọkọ́ wá. Ẹ̀yin tó ń ta ayò, ẹ̀yin náà ní ọwọ́, ẹ kó o wá. A ó gbẹ́ ihò yẹn jìn, kí ọkọ̀ òkú tó dé. Nígbà tí àwọn oníná bá rí ihò nílẹ̀, àwáwí wọn ti tán. Bí wọn ò bá wá, ọ́fíìsì wọn ni gbogbo wa yóò ti lọ jókòó, bó ṣe jókòó níbẹ̀ ní òun nìkan.

Ó kù díẹ̀ kí n gbé máíkì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n yíjú sí i.

Sẹ̀gilọlá, ọmọ Ìjàn, mo ti sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tó dára, ibi tí agbára mi dé nìyí. Oore-ọ̀fẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, kò ní ráre. Fúnkẹ́mi yóò máa wò ó, ìyàwó mi yóò máa wò ó, èmi náà kò ní fi í sílẹ̀. Máa lọ. Kí ọ̀nà rẹ gbẹ, kí ilẹ̀ rẹ le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kí o má bá ẹni tí yóò ní kí o ní sùúrù pàdé. Ibi tí o bá jókòó sí lọ́hùn-ún, kí wọ́n fún ọ ní àyè tó fẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá ọ du àyè.

Bí o bá sì dé ẹnu ibodè, tí wọ́n bi ọ́ pé ta ló rán ọ wá nígbà tí àwọn kò tíì retí rẹ, má bẹ̀rù, má fi ọ̀rọ̀ bò fún wa. Má sọ pé Ọlọ́run ni. Sọ fún wọn pé àwọn aládùúgbò rẹ ló rán ọ. Kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀. Kí wọ́n ní sùúrù fún wa. Olúkúlùkù wa ń bọ̀ wá rojọ́.

Ó dìgbà, Sẹ̀gilọlá.